Olongo Àti Òdòdó Àwẹ̀ró

Ilé wa ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ kọ́ ọ sódì. Ìloro ti lọ sẹ́yìn, ilé ìdáná ti bọ́ sójú títì, àjà sì ni mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ilẹ̀. Ó rọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Kò sí òòrùn, kò sì ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ dà bí èyí tó máa ń wà nínú yàrá tí wọ́n fi aṣọ funfun dí fèrèsé rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ti kúrò ní àyè rẹ̀, àfi igi òdòdó iwájú ilé. Ó dúró gangan níbi tó ti ń dúró láti ọdún mọ́kànlélógójì, òdòdó sì bò ó látòkè délẹ̀, pupa fòò láàrin, rúsúrúsú létí, pẹ̀lú àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ síta lẹ́nu òdòdó kọ̀ọ̀kan bí irùngbọ̀n ológbò.

Òdòdó yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àlá ni mò ń lá. Lójú ayé, igi náà kò ní ẹyọ kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe sùn. Ọjọ́ Ẹtì ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nínú oṣù kejì, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbẹ gbogbo kànga àdúgbò. Mo jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń dúró de agogo mẹ́rin, tí ọmọ mi Gbọ́láhàn yóò mú Rájí tó ń gbẹ́ òkúta wá. Igi náà ni wọ́n ń bọ̀ wá hú.

Àwẹ̀ró ìyàwó mi ló gbìn ín. Ó mú irúgbìn rẹ̀ láti ọgbà ilé míṣọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tí mo gbé e wọlé, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní òdòdó míṣọ̀n. Àwẹ̀ró kú ní oṣù kẹwàá, a sì sin ín síwájú ilé, orí rẹ̀ sí ìdí igi náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí òjò dáwọ́ dúró ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ewé rẹ̀ wọ́, òdòdó rẹ̀ tán, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń dún bí egungun bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Gbogbo ènìyàn ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe é. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó wù mí láti gbàgbọ́ pé igi ilé mi mọ ìwà.

Gbọ́láhàn ń gbé ní Ìbàdàn, orúkọ rẹ̀ sì ń rò ó: ohunkóhun tí ọlá bá wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi hàn. Ó mú àwòrán kan wá fún mi. Òpó mẹ́rin ni, pẹ̀lú òrùlé, gbogbo rẹ̀ mábù funfun, áńgẹ́lì kan sì wà lókè tó ń fun kàkàkí sí ọ̀nà ilé aládùúgbò wa. Ibi tí igi wà ni òpó méjì yóò ti dúró.

"Bàbá, igi yìí ti kú tán," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé ohun tí kò lè kú síbẹ̀."

Mo ti fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣí ojú ìwé kejì, níbi tí wọ́n ya òkúta ìrántí sí, mo sì rí orúkọ ara mi: AYA OLOYE J. A. OSUNNIYI, B.A., M.ED., OGA AGBA ILE-EKO TO TI FEYIN TI. Ìlà méjì gbáko ni mo gbà. Àwẹ̀ró gba ìlà kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ IYA RERE, OLODODO sí. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní èdè Yorùbá, tí mo ti gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì kan ṣoṣo, mo wo òkúta tí kò ní àmì, mo dákẹ́. Ohun kan tí mo bèèrè ni bóyá àyè ṣì wà fún oyè tí ìjọ fi mí jẹ. Gbọ́láhàn ní àyè wà. Mo ní kí wọ́n máa hú igi.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù kí a tó padà sínú àlá. Àwẹ̀ró ni oríkì ìyàwó mi. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mo dìde níwájú èrò, mo tú orúkọ náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tó wà ní kíláàsì: "À-wẹ̀-ró. Ẹni tí a wẹ̀ tán, tí a sì ró láṣọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an, torí wọ́n mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí kì í lọ ra iyọ̀ láìwé gèlè. Obìnrin tó jẹ́ pé bí ó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ a tún gbólóhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Olongo.

Mi ò fi orúkọ yẹn bú u pátápátá. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wo olongo rí kò ní lè bú u. Ẹyẹ náà kò tó àtàǹpàkò àgbà méjì. Pupa rẹ̀ dà bí ti ẹni tó fi osùn para kí ó tó jáde. Ìhà rẹ̀ sì ní tótòtó funfun, bí ẹni pé ẹnìkan ki orí abẹ́rẹ́ bọ ẹfun, tó wá fi ń tọ́ ọ lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í rìn bí ẹyẹlé. Ńṣe ló ń ta pọ́ún-pọ́ún, bí ẹni tí kò fẹ́ kí erùpẹ̀ ba bàtà tuntun jẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń wà ní ìdí igi òdòdó, nígbà tí èmi bá wà lójú fèrèsé tí mò ń bá dígí sọ̀rọ̀ nípa fìlà mi. Mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n wá kí.

"Olongo mi," n ó ní, "gèlè rẹ ń dí òòrùn."

"Ẹ yé fi mí wé ẹyẹ, Tíṣà," òun náà á ní. "Bí ẹ bá máa fi mí wé nǹkan, ẹ fi mí wé igi mi."

"Igi kì í lọ sóde."

"Ohun tó jẹ́ kí n mú un nìyẹn. Òde ló ń wá bá a."

Èmi a ní ẹyẹ tó ń gbé ẹwà rẹ̀ rìn ló tó gbangba á sùn lọ́yẹ́. Òun a ní ta ni kò lè lẹ́wà bí ó bá ti lè sá kúrò níbi tí wọ́n ti rí i lánàá. Ọ̀rọ̀ yìí la fi jẹun fún ọdún mọ́kànlélógójì. Kò sí ẹni tó borí.

Nínú àlá náà, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí, Àwẹ̀ró sì jáde.

Aṣọ ìnura ló so mọ́ àyà, omi ṣì wà léjìká rẹ̀. Kò wé gèlè. Kò sí yẹtí. Irun rẹ̀ tó fi òwú dì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Garawa aláwọ̀ aró wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ kò kún. N kò rí obìnrin yìí bẹ́ẹ̀ níta rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì kọ́kọ́ rò ó pé ó ní láti jẹ́ pé kò sí dígí níbi tí àwọn òkú ń gbé. Èrò tó wá sọ́kàn mi nìyẹn. Mi ò ní purọ́.

"Tíṣà," ó ní, pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ, "ẹ sún ẹsẹ̀ yín. Orí gbòǹgbò lẹ dúró sí."

Mo sún. "Àwẹ̀ró, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Ẹ̀yin lẹ rù."

Mo rántí ohun tí ìyá mi máa ń sọ, pé a kì í jẹ nǹkan lọ́wọ́ òkú lójú àlá. Mo yọ́jú wo inú garawa.

"Kì í ṣe oúnjẹ," ó ní. "Omi ìwẹ̀ tó ṣẹ́kù ni. Ẹ ṣì ń bẹ̀rù."

"Mi ò bẹ̀rù."

"Ẹ ti kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní."

Mo wo ọwọ́ mi. Ẹ̀yìn mi ló wà lóòótọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí igi, ó ń da omi náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbà á kí ó má baà wọ́ erùpẹ̀ lọ. Ó ń yí igi ká bó ṣe ń dà á. N kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga, ó mọ ibi tó ti jìn. Nígbà tó parí, adágún kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dán, kò fẹ̀ ju ojú abọ́ lọ.

"Mo gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ ní agogo mẹ́rin," ó ní.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Orí mi ni wọ́n fẹ́ ri òpó mọ́, Tíṣà. Ó yẹ kí n gbọ́."

Olongo méjì já bọ́ sílẹ̀ láàrin wa. Ọ̀kan pupa bí ẹyin iná. Èkejì ní àwọ̀ ilẹ̀, ó rí bí ẹni pé wọ́n fi osùn kun àwọn yòókù, tí wọ́n wá gbàgbé òun. Aláwọ̀ ilẹ̀ lọ tààrà síbi omi, ó mu, ó gbójú sókè, ó tún mu. Èyí tó pupa kọ́kọ́ ta yí adágún náà ká, ó wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ná.

Inú mi dùn. Mo rí àyè sọ ọ̀rọ̀ wa àtijọ́. "Olongo, àwọn ẹbí rẹ dé."

"Èwo nínú wọn ni èmi?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Èyí tó pupa."

Ó dìde nídìí igi, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ìnura rẹ̀. Ẹ̀rín kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí mo mọ̀. Ẹ̀rín tó máa ń rín ni bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán níwájú àwọn àna tí mo sì ṣi òwe pa.

"Tíṣà, èyí tó pupa yẹn, akọ ni."

Mo tẹjú mọ́ ẹyẹ náà.

"Abo ló wọ àwọ̀ ilẹ̀. Akọ ló ń kun osùn, akọ ló ń to ẹfun síhà. Ẹ wò ó bó ṣe ń wo ojú ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì lẹ fi ń fi orúkọ yín pè mí, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ, torí mi ò fẹ́ dójú tì yín lójú ọmọ."

"O ti mọ̀ tipẹ́?"

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi ni mo wà níbí pẹ̀lú wọn láràárọ̀. Ẹ̀yin wà lójú fèrèsé, ẹ ń tẹ etí fìlà."

Ẹyẹ pupa náà wá mu omi nígbẹ̀yìn. Lójú mi, ó mu ún bí ẹni tó ń ṣe omi lóore.

"Mi ò bú u o," Àwẹ̀ró ní. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ọlọ́run kò fi ahun dá ẹyẹ yẹn. Àmọ́ ó ń mú ẹwà rẹ̀ lọ bó bá ń lọ. Ta ló ti rí òkú olongo rí? Igi ní tirẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń tú tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ẹ óò gbá a dànù, kò ní bá yín jà, tó bá di àárọ̀ ó tún ti yọ òmíràn. Àárín àwọn méjèèjì kò sì burú. Igi kò lè rí ara rẹ̀. Bí olongo kò bá wá, ta ni yóò bá a wò ó?"

Mo fẹ́ sọ pé èmi ń wò ó. Kò jáde lẹ́nu mi. Nínú àlá, irọ́ máa ń wúwo lórí ahọ́n.

"Ẹ tú orúkọ mi fún mi," ó ní. "Bí ẹ ṣe tú u lọ́jọ́ náà."

"À-wẹ̀-ró."

"Kí ló wà láàrin wẹ̀ àti ró?"

Ìbéèrè gírámà ni, ara mi sì yá. "Kò sí nǹkan láàrin wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló tẹ̀ lé ara wọn. Bí o bá ti wẹ̀ tán, o ró."

Ó gbé garawa náà sókè, ó dojú rẹ̀ kọ ìdí igi. Ẹ̀kán omi tó kẹ́yìn já bọ́, lẹ́yìn náà òmíràn tí mo rò pé kò sí mọ́.

"Ohun tó wà láàrin wọn nìyí," ó ní. "Bí mo bá wẹ̀, igi á mu, ẹyẹ á mu, kí n tó lọ ró. Èmi ni mo máa ń kẹ́yìn, Tíṣà. Ẹ̀yin kàn ń pàdé mi nígbà tí mo bá ti ró tán ni."

Ó wá fi ìka tútù kọ nǹkan sára ògiri, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: OLODODO.

"Ẹ kà á."

"Olódodo."

"Níbo lẹ ti rí àmì?"

Mo wò ó. Kò sí àmì.

"Èmi tí mo purọ́ ọjọ́ orí mi títí wọ́n fi kọ ọ́ sórí pósí, èmi ni olódodo? Ẹ má gbé e lé mi lórí. Ìhín tí mo wà, wọ́n ń kàwé." Ó na ọwọ́, ó tún etí fìlà mi ṣe, bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ kí n tó lọ sí ilé ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. "Ẹ tún un kà. Tíṣà ni yín."

Ìró dígà tó bá ilẹ̀ ló jí mi.

Òòrùn ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti dé orúnkún mi. Gbọ́láhàn dúró níwájú ilé, bàtà rẹ̀ ń dán lórí erùpẹ̀. Rájí ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti fi dígà lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nídìí igi kí ó fi mọ bó ṣe le tó. Òkúta mábù náà fẹ̀yìn ti ògiri, Rájí sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i, irin ló kù kó fi gbẹ́ ẹ.

"Dúró díẹ̀, Rájí," mo ní.

Mo lọ sí balùwẹ̀. Garawa aláwọ̀ aró wà níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀ láti oṣù kẹwàá, aláǹtakùn ti kọ́lé sí ìdí rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wẹ̀ nínú garawa mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń da omi tó ṣẹ́kù sí gọ́tà, mo sì ń sọ fún àwọn àlejò pé ìbànújẹ́ ló ń pa igi. Òǹgbẹ ló ń pa á. Mo yí garawa náà padà, mo nu ilé aláǹtakùn kúrò, mo bu omi sí i.

Nígbà tí mo jáde pẹ̀lú omi, Gbọ́láhàn wo garawa, ó wò mí.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń bomi rin igi ìyá rẹ."

"Igi tí a fẹ́ hú?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú láti fi àtẹ́lẹwọ́ gba omi bó ṣe gbà á, ó sì ṣòro ju bí mo ṣe rò lọ. Erùpẹ̀ ń lọ, ṣòkòtò mi ń tutù. Rájí ká ọwọ́ lórí dígà, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

"Rájí," mo ní, "ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó wà lórí òkúta yẹn fún mi."

"Olódodo ni, Bàbá."

"Níbo lo ti rí àmì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tíṣà. Irin mi ò mọ àmì, Bàbá. Ẹni tó bá kà á á mọ̀."

"Mú ṣọ́ọ̀kì rẹ wá."

Mo ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n mú ṣọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n n kò fi kọ nǹkan sórí òkúta rí. Olódodo kò gbà ju àmì kan ṣoṣo lọ. Mo fi mẹ́ta sí i, ọ̀kan ròkè, ọ̀kan wálẹ̀, ọ̀kan tún ròkè. Gbọ́láhàn súnmọ́ mi, ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì.

"Olódòdó," ó ní. "Bàbá, àwọn ènìyàn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ṣé òdòdó ni ìyá wa ń tà ni."

"Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

"Bí a bá kọ olódòdó sórí òkúta, tí a wá hú òdòdó rẹ̀ ńkọ́?" ó ní.

Mo dá ṣọ́ọ̀kì padà fún Rájí. Ọmọ mi ni Gbọ́láhàn. Mo fẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó wo àwòrán òpó mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo igi, ó wo òkúta. Ó pẹ́ kí ó tó ká ìwé náà. Ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò.

"Áńgẹ́lì náà ńkọ́?" Rájí bèèrè. "Mo ti gbẹ́ orí rẹ̀ tán."

"Gbé orí rẹ̀ wá," mo ní. "Àwọn ẹyẹ á máa bà lé e."

Ìgbà náà ni mo fi ọwọ́ mi tó tutù nu ìlà méjèèjì tí orúkọ mi gbà lórí òkúta. Oyè lọ, B.A. lọ. M.Ed. ló pẹ́ jù kó tó lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀kì ni kò fẹ́ kúrò ni tàbí èmi.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń wẹ̀ láàárọ̀, tí mo ń gbé ohun tó ṣẹ́kù jáde nínú garawa aláwọ̀ aró, aṣọ ìnura nídìí, orí mi lásán. Mi ò tíì rí ewé kan. Rájí fi èékánná ha ẹ̀ka kan lọ́jọ́ kan, ó ní abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n Rájí fẹ́ràn mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, olongo kan bà sí ìdí igi. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Ó mu, ó gbójú sókè, ó tún mu. Èyí tó pupa ṣì wà lórí ògiri, ó ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ìyá ìjọ tó ń kọjá lọ sí àdúrà òwúrọ̀ rí mi, ó gbé ọwọ́ bo ojú. "Tíṣà, àgbà tó jáde láìró aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé lọ ró nǹkan mọ́ra."

"Ó kù díẹ̀," mo ní, mo sì dúró de èyí tó pupa kí ó wá mu tirẹ̀.